Wọ́n sọ Ponniyin Selvan di fíìmù: kí ni wọ́n gé tó dun àwọn tó ti ka ìwé náà?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Mo wo apá méjèèjì fíìmù Ponniyin Selvan tí Mani Ratnam darí, èyí tó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 àti èyí tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2023. Èdè Tamil ni wọ́n ń sọ, èmi sì ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n orúkọ pọ̀ lójú mi, n kò sì mọ ẹni tó ń dìtẹ̀ mọ́ ẹni. Ọmọ Tamil kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé wọ́n ti ba ìwé náà jẹ́, pé ìwé tí gbogbo ilé fẹ́ràn tó báyìí kò yẹ ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣe fíìmù rárá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

* * *

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Mo lo ọdún mẹ́rin ní Chennai, olú-ìlú Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ àwọn Tamil ní gúúsù Íńdíà, nígbà tí mo ń kàwé, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ni ó sì fi ìwé yìí hàn mí. Ìyá rẹ̀ àgbà ní ẹ̀dà kan tí wọn kò rà ní ilé ìtàwé. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń gé ojú-ewé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń tò ó pamọ́, títí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ lọ fún ẹni tó ń dì wọ́n pọ̀ di ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Tamil Nadu ni ó ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. R. Krishnamurthy tó kọ ọ́, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kalki, kò dúró dìgbà tí ó kọ ọ́ tán kí ó tó gbé e jáde; láti oṣù Kẹwàá ọdún 1950 títí di ọdún 1954 ni ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Kalki, inú ọdún 1954 yẹn náà ni ọlọ́jọ́ sì dé bá a. Apá márùn-ún ni ìwé náà, ojú-ewé rẹ̀ sì lé ní 2,000. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Maniam ń ya àwọn ènìyàn inú ìtàn náà bí ó ti ń jáde, tó fi jẹ́ pé kí òṣèré kankan tó wọ aṣọ Kundavai, ọmọbìnrin ọba inú ìtàn náà, àwọn òǹkàwé ti mọ bí wọ́n ṣe ń di irun orí rẹ̀.

Mo sọ èyí kí o lè mọ ohun tó ń dun ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìtàn náà kí ó tó mọ ìwé kà. Síbẹ̀, èmi kò gbà pé kò yẹ kí wọ́n fi ṣe fíìmù. Ohun tí mo gbà ni pé wọ́n gé nǹkan púpọ̀ kúrò, pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n gé kò pa ìtàn lára, ṣùgbọ́n pé ọ̀kan wà nínú wọn tó kan ìtàn náà ní iṣan. Màá débẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àwọn orúkọ náà palẹ̀ fún ọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ ilé ọba tó kàn láti jẹ ni gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ àwọn Chola ní gúúsù Íńdíà, ọba kan wà tó ń jẹ́ Gandaraditya. Nígbà tó wàjà, ọmọ rẹ̀ Madhurantakan kéré jọjọ, nítorí náà oyè bọ́ sí ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ dé ọwọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, Sundara Chola. Sundara Chola yìí ni ọba tí o rí nínú fíìmù, tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ní ààfin Thanjavur, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ọmọ mẹ́ta ni ó bí. Aditha Karikalan ni àrẹ̀mọ, jagunjagun ni, inú fùfù sì ni, ó wà ní Kanchipuram ní àríwá. Kundavai ni obìnrin àárín wọn, òun ni ọpọlọ ilé náà. Àbíkẹ́yìn wọn ni Arulmozhi, tí fíìmù ń pè ní Arunmozhi, tó wà lójú ogun ní erékùṣù Lanka, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Òun ni Ponniyin Selvan, èyí tó túmọ̀ sí ọmọ odò Ponni, odò kan náà tí ayé mọ̀ sí Kaveri, nítorí pé ó já sínú odò náà ní kékeré, obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ sì gbé e jáde láàyè. Ẹni yìí ni ìtàn mọ̀ sí Rajaraja Kìíní, tó jọba ní ọdún 985, tó sì kọ́ tẹ́ḿpìlì ńlá Thanjavur tí wọ́n parí ní ọdún 1010.

Ní ti ìdìtẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó gbà wá. Àwọn ìjòyè tí Periya Pazhuvettaraiyar jẹ́ aṣáájú wọn, akọni arúgbó tó ní àpá ogun 64 lára, ń fẹ́ kí oyè padà sí ilé Gandaraditya, kí Madhurantakan jẹ. Àwọn amí Pandya, ìdílé ọba mìíràn tó jẹ́ ọ̀tá àwọn Chola, tí Ravidasan ń darí, kò bìkítà fún ẹni tó máa jẹ. Ẹ̀san ọba wọn Veerapandiyan tí Karikalan bẹ́ lórí ni wọ́n ń wá. Nandini, ìyàwó arúgbó Pazhuvettaraiyar, ni ó dúró láàárín méjèèjì. Vandiyathevan tó ń gun ẹṣin kiri ni ìránṣẹ́ tí Karikalan rán, ojú rẹ̀ ni àwa sì fi ń rí gbogbo wọn. Tí o bá ní ìwọ̀nyí lọ́wọ́, tún fíìmù náà wò, kò ní rú ọ lójú bíi ti àkọ́kọ́.

* * *

Ẹnìkan sọ pé bí ó bá ṣòro tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń tọrùn bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń tọrùn bọ̀ ọ́. M. G. Ramachandran, òṣèré tó padà di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ti ra ẹ̀tọ́ ìwé náà ní ọdún 1958, kò sì rí i ṣe. Òṣèré Kamal Haasan àti Mani Ratnam jọ dán an wò ní ìparí àwọn ọdún 1980. Mani Ratnam tún dìde sí i ní nǹkan bí ọdún 2010, ó sì tún dúró. Ìgbà kẹta ni ó tó ṣeé ṣe: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya á ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ní Thailand, àrùn kòrónà dá wọn dúró, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2021. Ohùn Kamal Haasan ni ó ń sọ ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ní èdè Tamil, ẹni tó bá sì mọ ìtàn yẹn yóò mọ ìdí tí àwọn kan fi pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó rí àwòrán kankan.

* * *

Àríyànjiyàn tó gbóná jù ni ti gígùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé fíìmù méjì kò lè gba apá márùn-ún, pé ó yẹ kí wọ́n ṣe é ní eré àtìgbàdégbà, wákàtí 30 tàbí 40, tí ènìyàn á máa wò nílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rí i kà lábẹ́ ìbéèrè yìí, àwọn tó sọ ọ́ sì ní ẹ̀rí: ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Kalki fúnra rẹ̀ ń gbé e jáde, ó ń parí orí kọ̀ọ̀kan síbi tí ọkàn kò ti ní balẹ̀, ó sì ń fi ọ̀sẹ̀ kan dá àwọn ènìyàn lóró.

Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ rí, n kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni eré orí ìtàgé. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Chennai tó ń jẹ́ Magic Lantern gbé ìwé yìí sórí ìtàgé, Elango Kumaravel sì ni ó kọ ọ́ ní eré. Gbogbo ìtàn náà, ní alẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n tún gbé e jáde ní ọdún 2014, bàbá ẹni tí a jọ ń gbé yàrá wà níbẹ̀, ó sì sọ fún mi pé àwọn arúgbó tó mọ ìwé náà sórí ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kumaravel yìí kan náà ni Mani Ratnam pè kí wọ́n jọ kọ fíìmù. Fíìmù àkọ́kọ́ gùn tó ìṣẹ́jú 167, ìkejì sì tó 164, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún àbọ̀ tí a bá pa á pọ̀. Àyè wà níbẹ̀. Tí nǹkan kan bá sọnù nínú rẹ̀, ẹni tó mú ọ̀bẹ ni ó yàn án.

Ohun mìíràn tí àwọn tó ń fẹ́ eré àtìgbàdégbà kò kà sí ni pé ọ̀pọ̀ nínú ojú-ewé 2,000 yẹn ni Kalki fi ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀. Á dá ẹṣin Vandiyathevan dúró, á ní kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fara balẹ̀, kí òun kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tó gbẹ́ adágún kan tàbí bí ìdílé kan ṣe dé ipò rẹ̀. Ìwé ni èyí yẹ fún. Nínú àwòrán, wákàtí 40 kò lè gbé ohùn yẹn wá. Ibi tí mo ti bá wọn gbà ni pé àìsí ohùn náà ni ó jẹ́ kí ìwọ, àbúrò mi, sọnù, nítorí ohùn náà ni ó máa ń di òǹkàwé lọ́wọ́ mú.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan lókè sọ pé Aishwarya Rai, òṣèré tó ṣe Nandini, kò tó Nandini, pé Nandini inú ìwé léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ojú tí ẹ fi wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí fíìmù ṣe dáadáa ju ìwé lọ.

Nínú ìtàn náà, odi obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mandakini, tó ń gbé ní erékùṣù Lanka, tí Sundara Chola fẹ́ràn ní ìgbà èwe rẹ̀ tí ó sì rò pé ó ti kú. Obìnrin yìí àti Nandini jọra bí ẹni pín imú. Nandini lo ìjọra yẹn láti fi dẹ́rù ba ọba tó dùbúlẹ̀: ní òru, yóò dúró níwájú ọba bí ẹni pé òkú ni ó jí. Kalki ní láti fi orí púpọ̀ sọ fún wa pé wọ́n jọra, kí ó sì máa rán wa létí. Nínú fíìmù, òṣèré kan ṣoṣo ṣe àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ sì parí ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí obìnrin onírun funfun náà bọ́ sínú omi láti gba Arunmozhi là, gbogbo ilé ìwòran tí mo wà ni ó mí kanlẹ̀, àwọn tó ti ka ìwé náà àti àwọn tí kò kà á. Ìyẹn ni mo ń pè ní sísọ ìwé di fíìmù: kí o rí ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe wàhálà láti gbé, kí o jẹ́ kí ojú gbé e.

Karthi tó ṣe Vandiyathevan, mo gbà pé kò sí ẹni tó ń bá a jà. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀.

* * *

Ní ti ààfin: òótọ́ ni ẹni tó sọ pé ilé tí wọ́n lò kì í ṣe ti Chola. Wọ́n ya apá kan ní Orchha, ní Gwalior àti ní Maheshwar, àríwá àti àárín gbùngbùn Íńdíà ni gbogbo rẹ̀, àwọn ilé Orchha sì fi nǹkan bí 600 ọdún kéré sí àkókò ìtàn náà. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe? Tẹ́ḿpìlì ni àwọn Chola fi òkúta kọ́, òun ni ó sì kù. Bíríkì àti igi ni wọ́n fi kọ́ ààfin wọn, ó ti wó tán. Ní Gangaikonda Cholapuram, ìpìlẹ̀ bíríkì nìkan ni àwọn awalẹ̀pìtàn rí. Ó dùn mí bí ó ṣe dùn yín nígbà tí mo rí òrùlé àríwá lórí ọba gúúsù, ṣùgbọ́n n kò lè pè é ní ẹ̀ṣẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí ẹni kan béèrè pé kí ló kan àwa tí a ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀. Ó kàn wá. Èdè Tamil tí wọ́n ń kọ sínú ìwé àti èyí tí wọ́n ń sọ ní ọjà jìnnà síra púpọ̀, àwọn eré ọba àtijọ́ sì máa ń lo èyí tó wúwo jù, tí òṣèré á gbé ohùn sókè bí ẹni ń kéde. Jeyamohan, òǹkọ̀wé tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré fíìmù yìí, mú ojúlówó Tamil tó mọ́, ṣùgbọ́n ó dín ìwúwo rẹ̀ kù, àwọn ọmọ ọba ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn kan ní Chennai bínú sí i pé kò ní ọlá tó. Inú mi dùn sí i. Ẹ wo ibi tí Kundavai àti Nandini ti pàdé ara wọn: ọ̀rọ̀ wọn kò le, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn, síbẹ̀ ọ̀bẹ ni gbolóhùn kọ̀ọ̀kan. Àwa Yorùbá mọ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ láàárín orogún. Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ, àbúrò mi, nítorí pé oyè tí wọ́n fi ń pe ara wọn ni gbogbo ìjà wà nínú rẹ̀, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ oyè wọ̀nyẹn di orúkọ lásán.

* * *

Ẹni tó ní Baahubali, fíìmù ogun mìíràn láti Íńdíà, dára jù ú lọ nítorí pé ogun rẹ̀ tóbi: fíìmù yẹn kò jáde láti inú ìwé kankan, ó sì lè ṣe ohun tó bá wù ú. Ponniyin Selvan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ogun nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ àṣírí, lẹ́tà, ìfarapamọ́ sẹ́yìn ògiri ni agbára rẹ̀. Ogun pẹ̀lú àwọn Rashtrakuta, ìjọba kan ní àríwá ilẹ̀ Chola, tí wọ́n fi parí fíìmù kejì kò sí nínú ìwé, èmi sì rò pé ìbẹ̀rù irú àfiwé yìí ni ó bí i. Òun ni ìṣẹ́jú tí n bá yọ kúrò tí wọ́n bá bi mí.

* * *

Ó yá, mo ti dé ibi tí mo ṣèlérí.

Nínú ìwé, Mandakini bí ìbejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, lábẹ́ ààbò Sembiyan Mahadevi, ìyàwó Gandaraditya. Ní àkókò kan náà, ayaba náà bí ọmọ tirẹ̀, wọ́n sì rò pé òkú ni. Ó gba ọkùnrin inú ìbejì náà tọ́ bí ọmọ rẹ̀, òun ni ó di Madhurantakan. Obìnrin inú ìbejì náà ni wọ́n gbé fún ìdílé mìíràn tọ́, òun ni Nandini. Ọmọ ayaba, tí wọ́n gbé fún odi obìnrin mìíràn kí ó lọ sin, kò kú. Obìnrin náà tọ́ ọ, ó sì dàgbà di Sendhan Amudhan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sín òdòdó fún tẹ́ḿpìlì Siva ní Thanjavur, tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni, tí kò sì fẹ́ ohunkóhun láyé àfi kí ó kọrin fún òrìṣà rẹ̀ kí ó sì fẹ́ Poonguzhali, ọmọbìnrin kan tó ń tukọ̀ ní Kodikkarai, ní etí òkun.

Nítorí náà, gbogbo àwọn ìjòyè tó ń mulẹ̀ ní òru nítorí Madhurantakan ń mulẹ̀ nítorí ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ gan-an ń sín òdòdó. Nígbà tí ọjọ́ ìwúyè dé, tí gbogbo ènìyàn ń retí pé Arulmozhi ni yóò dé adé, ó gbé adé náà lé orí ọ̀dọ́mọkùnrin olódòdó yìí, Poonguzhali tó ń tukọ̀ sì di olorì. Ìdí nìyẹn tí Kalki fi pe apá karùn-ún ìwé náà ní Thyaga Sigaram, ṣóńṣó orí òkè ìyọ̀ǹda ara ẹni.

Fíìmù gé gbogbo èyí. Nínú rẹ̀, Sendhan Amudhan jẹ́ ọ̀rẹ́ Vandiyathevan lásán, Madhurantakan jẹ́ ọmọ bíbí inú Sembiyan Mahadevi, ọwọ́ rẹ̀ ni Arunmozhi sì gbé oyè lé.

Àwọn tó gbèjà gígé yìí ní ọ̀rọ̀ tó lágbára, n kò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní ìtàn gidi ni fíìmù padà sí: ọba tó jẹ ṣáájú Rajaraja ni Uttama Chola, ẹni tí ìtàn ń pè ní Madhurantakan, ọmọ Sembiyan Mahadevi sì ni, àwọn àkọlé ara òkúta tẹ́ḿpìlì jẹ́rìí sí i, pípààrọ̀ ọmọ jẹ́ àrọ́sọ Kalki. Wọ́n tún ní kí ènìyàn gbé adé fún ẹni tó dìtẹ̀ mọ́ ọn tóbi ju kí ó gbé e fún ọ̀rẹ́ lọ. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá gbà bẹ́ẹ̀, a sì ti jiyàn lórí rẹ̀ di òru.

Ohun tí mo máa ń bi í ni ti ìyá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, nínú ìwé àti nínú fíìmù, Sembiyan Mahadevi kọ̀ jálẹ̀ pé Madhurantakan kò gbọ́dọ̀ jọba. Ìyá wo ni yóò dúró gbọn-in lòdì sí ọmọ ara rẹ̀ níwájú gbogbo ìjòyè? Nínú fíìmù, ó ní ọkọ òun fẹ́ kí ọmọ náà fi ayé rẹ̀ sin Siva ni, a sì ní láti gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, òun náà sọ bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àṣírí tú, gbogbo ohun tó ti sọ láti apá kìíní yí ìtumọ̀ padà lójú wa: obìnrin yìí mọ̀ pé ọmọ tí òun tọ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ilé náà, kò lè sọ, kò sì lè jẹ́ kí ó jọba. Ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń gbé. Fíìmù gé pààrọ̀ ọmọ, kò mọ̀ pé ìdí tí ìyá náà fi ń sọ̀rọ̀ ni òun gé.

Ó sì tún gé Nandini sí méjì. Nínú ìwé, òun àti ẹni tó ń tì lẹ́yìn láti jọba jẹ́ ìbejì, wọn kò sì mọ̀. Ẹni tó bá bí ìbejì rí, tàbí tó bá wọn gbélé, á mọ ohun tí ìyẹn wúwo tó. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọn ì bá fi sọ ọ́. Wọn ì bá ti rí i nínú àyè tí wọ́n fún ogun Rashtrakuta.

* * *

Àbúrò kan béèrè pé ta ni ó pa Karikalan gan-an. Kò sí ẹni tó lè dá ọ lóhùn. Òkúta kan wà ní Udaiyargudi, ní tẹ́ḿpìlì kan ní Kattumannarkoil, tí wọ́n fín àṣẹ Rajaraja sí lára pé kí wọ́n gba ilẹ̀ àwọn ìbátan àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orúkọ Soman, Ravidasan àti Parameswaran wà níbẹ̀. Òkúta náà kò sọ ẹni tó rán wọn. Uttama Chola jọba fún nǹkan bí ọdún 15 kí àṣẹ náà tó jáde, àwọn òpìtàn kan sì fura sí i nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn kò gbà.

Kalki mú orúkọ Ravidasan láti ibẹ̀, ó sì fi ikú náà sínú òkùnkùn: yàrá kan ní ààfin Kadambur, fìtílà kú, ènìyàn bíi mélòó kan wà níbẹ̀, olúkúlùkù ní ìdí tirẹ̀. Fíìmù tan fìtílà. A rí Karikalan àti Nandini lójúkojú, a rí ọ̀bẹ, a sì rí i pé ó ti fẹ́ kú kí ó tó débẹ̀. Àwọn tó ka ìwé bínú sí èyí gan-an, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé èmi náà yóò bínú. N kò bínú. Òkùnkùn dára lórí ìwé, nítorí pé òǹkọ̀wé lè pa ohun tó bá wù ú mọ́ láìpurọ́. Nínú àwòrán, tí wọ́n bá fi Vikram, tó ṣe Karikalan, àti Aishwarya Rai sínú yàrá kan lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí a ti ń retí ìpàdé wọn, tí fìtílà wá kú, ẹ̀tàn ni a ó pè é. Wọ́n pàdánù àdììtú náà, wọ́n sì fi ìbànújẹ́ rọ́pò rẹ̀, ìbànújẹ́ náà sì tó. Ìwé sọ fún wa pé Karikalan fẹ́ràn Nandini ní kékeré; fíìmù kejì fi í hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ ohun tó kú nígbà tí ó kú.

Ẹ wo bí ó ṣe rí: wọ́n gé àdììtú, n kò janpata. Wọ́n gé pààrọ̀ ọmọ, mo ń janpata títí dòní. Bí ó ti wù kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn ìwé tó, kí ó máa fi ìwọ̀n yìí wọn gígé kọ̀ọ̀kan: ta ni nínú àwọn tó kù tí ìdí rẹ̀ sọnù?

* * *

Àbúrò mi tó bi ìbéèrè ti padà wá, ó ní òun ti fi gbogbo èyí han ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ka ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ Sembiyan Mahadevi, ó sì mú apá kìíní ìwé náà ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fún un ní ọjọ́ kejì. Ó béèrè pé ṣé kí òun tún fíìmù wò ni àbí kí òun kàwé ná.

Kàwé ná. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogun, ìwé kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wàá bá Vandiyathevan lórí ẹṣin rẹ̀ ní etí adágún Veeranam, ní ọjọ́ 18 oṣù Aadi, oṣù kan nínú kàlẹ́ńdà Tamil, tí omi titun ti kún inú odò, tí àwọn ènìyàn ti gbé oúnjẹ wá sí etí omi láti ṣe àjọ̀dún. Má ṣe sáré, kódà tí Kalki bá dá ẹṣin dúró láti sọ̀rọ̀ adágún. Kà á títí wàá fi dé òru tí ó sùn sí ààfin Kadambur, tí ó gbọ́ ohùn àwọn ìjòyè nínú òkùnkùn, tí pálánkì kan, àpótí tí àwọn ènìyàn fi ń gbé ènìyàn lé èjìká, ṣí, tí ẹni tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe obìnrin tí gbogbo wọn ti ń rò. Lẹ́yìn náà, padà wá sọ fún wa bóyá ọkàn rẹ gbà kí o pa ìwé náà dé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.